Ojú Apá Òsì Adúmáadán

Mọ́ńdè, 8 Jánúárì 1990. Òkukù

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo ti ra ìwé yìí ní ọjà Ìkìrun, mi ò sì rí nǹkan kan kọ sí i títí di òní. Kí ni ìyàwó tuntun fẹ́ kọ? Pé mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo kúnlẹ̀ kí aládùúgbò? Ṣùgbọ́n àyà mi ń já lónìí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí tí kò ní di àpérò. Ìwọ ìwé ni n ó máa sọ ọ́ fún.

Ọkùnrin ará Ìníṣà kan tó ti Kùmásí dé ló mú lẹ́tà wá fún Bàbá, bàbá ọkọ mi. Bàbá nà án sí mi.

"Ìyàwó, gbà á. Ojú mi ò gbé ìwé mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ṣé a jí lẹ́tà ọ̀hún gbé ni? Kà á sókè!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá tó wà ní Gáná, tí àwa ìyàwó ilé ń pè ní Ìyá Kùmásí, ló fi ránṣẹ́:

"Àkànjí, ọmọ ìyá mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ọjà mọ́. Lọ́dún tí ìjọba Gáná lé wa, o ní kí n dúró ti ọkọ mi tó ń ṣàìsàn, pé o ó fi mọ́tò rẹ padà wá gbé mi. Mo dúró. Ọkọ mi kú, mo sin ín, mo tún dúró. Mi ò ní wọ mọ́tò ẹlòmíì wálé. Ṣé mọ́tò yẹn ló kú ni, àbí ìwọ lo kú?"

Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n fi etí bùbá nu ojú. "Ogún ọdún," ni wọ́n ń wí. "Ogún ọdún, Àtọ́kẹ́." Wọ́n wá gbé orí sókè: "Kí iná ojú yìí tó kú tán, mo fẹ́ fi wo ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n pe orúkọ ọkọ mi, wọ́n ní òun ni yóò wa mọ́tò náà lọ.

Wẹ́sìdé, 10 Jánúárì

Wọ́n ti Adúmáadán, mọ́tò Bàbá, jáde lẹ́yìn ilé. Adìyẹ Màmá ti yé ẹyin méje sórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Pijó 403 dúdú ni. Kùmásí ni Bàbá ti rà á kí wọ́n tó bí ọkọ mi. Àwọn aládùúgbò kóra jọ.

"Ẹ ó fi èyí dé Gáná? Ẹ kọ́kọ́ fi dé Ìníṣà ná!"

Mo ṣí ilẹ̀kùn apá òsì láti gbá inú rẹ̀, mi ò rí sítíárìn níbẹ̀. Apá ọ̀tún ló wà. Bàbá ní nígbà tí àwọn rà á, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà, níhìn-ín àti ní Gáná. Nígbà tó yá, ìjọba ní kí gbogbo ayé bọ́ sí ọ̀tún. Títì yí, Adúmáadán kò yí. Bí lọ́rì bá wà níwájú báyìí, ìdí lọ́rì nìkan ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ máa rí. Ẹni tó jókòó sápá òsì ló lè rí bóyá nǹkan ń bọ̀.

"Ta ló ń jókòó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà?" ni mo béèrè.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló dáhùn láti ìdí ààrò. "Èmi ni. Nínú ilé yìí, ìyàwó ni ojú apá òsì. Orúnkún mi nìkan ni ò jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́ mọ́."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Èmi wolẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹni tó wà lọ́tùn-ún kàn di sítíárìn mú ni. Ẹni tó wà lósì gan-an ló ń wa ọkọ̀."

Sátidé, 13 Jánúárì

Wọ́n fi okùn fa Adúmáadán dé ọ̀dọ̀ Olúwọlé mẹkáníìkì ní Ìkìrun. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣí fìlà bí ẹni tó dé ibi òkú.

"Káfíńtà," ló wí fún ọkọ mi, nítorí iṣẹ́ igi tí wọ́n ń ṣe, "ṣé pósí lo gbé wá fún mi?"

"Pósí tó ń rìn ni. Ìwọ ṣáà tún un ṣe."

Rédíétọ̀ ń jò. Bíréèkì ti dípẹtà. Wáyà ibòmíì, eku ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwọlé dé ìdí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí, ó ní wọn kì í rọ irú irin yìí mọ́. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọyẹ́ ti là mí létè. Burẹ́dì tí mo rà ní náírà méjì kí Kérésì tó dé ti di méjì àbọ̀.

Tọ́sìdé, 18 Jánúárì

Mo gbàdúrà ní bòókẹ́lẹ́ pé kí Olúwọlé má rí bíréèkì rà. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Wẹ́sìdé, 24 Jánúárì

Ó rí i rà.

Ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọkọ mi wà nídìí sítíárìn, èmi wà lápá òsì, Bàbá jókòó sẹ́yìn bí ọba.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré niṣẹ́ rẹ," Bàbá wí. "Dúró. Ó kù díẹ̀. Ó yá. Kò sí ẹ jọ̀ọ́ níbẹ̀, kò sí sà. Kí o tó kúnlẹ̀ tán, tírélà á ti dé. Kí o sì fetí sí èyí dáadáa: má sọ ohun tí o rò. Ohun tí o rí ni kí o sọ."

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Òkukù, a bá katakata kan tó ru ẹ̀gẹ́. Mo yọjú, títì mọ́ roro.

"Ó yá," ni mo wí.

Ọkọ mi ò gbọ́.

"Ó yá, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Èmi ò gbọ́, ọkọ rẹ ò gbọ́," Bàbá ké láti ẹ̀yìn. "Ta lò ń sọ ọ́ fún, àyà rẹ?"

Ìdí katakata yẹn la tẹ̀ lé dé Ìníṣà. Arúgbó kan tó di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yà wá sílẹ̀, ó tún juwọ́ sí wa.

A yà sílé wa ní Ìníṣà. Ìyá mi gbọ́, wọ́n fi ọwọ́ lu itan. "Àmọ̀kẹ́ tí mo gbé ẹ̀kọ lé lórí pé kó lọ kiri, tó rìn yí Ìníṣà po láìpolówó, tó gbé gbogbo ẹ̀kọ padà wálé! Òun lẹ fi ṣe ojú ọkọ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí díẹ̀. Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé ẹ̀kọ yẹn.

Fúráìdé, 26 Jánúárì

Mi ò fẹ́ kọ èyí, àmọ́ n ó kọ ọ́.

Ní oríta Ìbà, lọ́rì oníṣu kan wà níwájú wa. Láti àárọ̀ ni Bàbá ti ń jágbe mọ́ mi pé kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo rí nǹkan funfun kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ńṣe ló dúró. Mo fi gbogbo agbára mi ní, "Ó yá!"

Kò dúró. Bọ́ọ̀sì ni, ó ń bọ̀. Ọkọ mi já Adúmáadán sínú koríko. Ẹ̀ka igi wọ inú ọkọ̀ bá mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì yọrí síta: "Òkú àná! Ẹ gbé ọkọ̀ bàbá ńlá yín padà sí mùsíọ́ọ̀mù!"

Ara wa le, kò sẹ́ni tó fara pa.

Bàbá tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn. "Ìyàwó, o rò ó ni, àbí o rí i?"

"Mo rò ó ni, sà."

"Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi jẹun tán, wọn ò sọ pé ọbẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, wọn ò jẹun rí kí wọ́n má sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò jókòó síbẹ̀. Ẹnu mi yóò pa àwọn èèyàn.

Sátidé, 27 Jánúárì

Mi ò tíì sọ ọ́. Nǹkan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀.

Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń bọ̀ wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo rí Bàbá tí wọ́n ń da omi mímu láti inú jọ́ọ̀gì. Kọ́ọ̀bù wà lọ́tọ̀, omi ń dà lọ́tọ̀. Ó ń ṣàn bọ́ láti orí tábìlì sí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ṣì ń dà á.

"Ìyàwó ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Wọ́n gbé jọ́ọ̀gì kalẹ̀. "Ti òsì ti lọ láti ìgbà Kérésì. Ọ̀tún ló kù, òun náà dà bí òkè tí ọyẹ́ bò. Dókítà Òṣogbo ti wò ó, ó ní irú èyí tí kì í padà ni. Bí ọkọ rẹ bá gbọ́, kò ní lè fi mí sílẹ̀ lọ sí Kùmásí. Má sọ fún un."

Mo nu omi náà nílẹ̀. Mo bu òmíràn sí kọ́ọ̀bù, mo fi lé wọn lọ́wọ́.

Mi ò lè sọ fún ọkọ mi mọ́ pé mi ò lọ.

Túsìdé, 30 Jánúárì

Mo wá ọgbọ́n kan dá. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń ti Ọ̀fà bọ̀, mo máa ń sáré lọ dúró lẹ́bàá irin. Bó bá ti ń kọjá, tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ mi, mo máa ń ké tọkàntọkàn: "Dúró! Ó kù díẹ̀! Ó yá!" Lónìí, ọkọ̀ ti kọjá tán, ohùn mi ṣì wà lókè. Ìyá kan tó ń ṣẹ́gi sọ igi sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ta ni ń lọ?"

Mo ní kò sí, mà. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ títí mo fi délé.

Sọ́ńdè, 4 Fébúárì

A ya lọ́rì méjì àti tírélà kan sílẹ̀ lọ́nà Ìkìrun láàárọ̀ àná. Ọ̀kan nínú wọn, mo ní "Dúró" lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó ní "Ó yá."  Nígbà tí a délé, ọkọ mi ní ọbẹ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ sì ni a ò tíì jẹun.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún wa. Ìwé ìrìnnà ti pé. Gààrí, ẹja gbígbẹ, jẹ́ríkàànù omi méjì fún rédíétọ̀. Màmá gbé tìmùtìmù tí wọ́n ti ń jókòó lé lórí ìjókòó òsì láyé ọjọ́un fún mi. "Ibi tó jìn wọnú yẹn, ìdí mi ló gbẹ́ ẹ. Jókòó sínú rẹ̀, yóò kọ́ ọ."

Bàbá gbé ọwọ́ lé Adúmáadán. Wọ́n ní, "Ẹ má pẹ́."

Mọ́ńdè, 5 Fébúárì. Bádágírì

Ní Ìbàdàn ni ohùn mi ti há. Láti ibẹ̀ dé Èkó, mo fi ọwọ́ ń lu itan ọkọ mi: ẹ̀ẹ̀kan fún dúró, ẹ̀ẹ̀mejì fún ó yá. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan la sùn sí. Mo rí òkun. Mi ò mọ ohun tí n ó kọ nípa rẹ̀.

Túsìdé, 6 Fébúárì. Kùtọnu

Ní bọ́dà, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ń wo Adúmáadán. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Àjàṣẹ́, tó gbọ́ Yorùbá, gba ìwé ìrìnnà mi.

"Kí lorúkọ ọkùnrin tí ẹ jọ ń lọ?"

Mo wolẹ̀. "Ọkọ mi ni, sà."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́."

Ẹnu mi ò gbé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé, mi ò pè é rí.

"O ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ọ lọ sílùú òkèèrè?" Ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ orúkọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo nà án sí i.

Ó kà á, ó wo ìwé ọkọ mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tuntun ni! Ìyá mi kú láìpe bàbá mi lórúkọ. Ẹ kọjá."

Mi ò fọ ọwọ́ yẹn títí a fi jẹun alẹ́.

Tọ́sìdé, 8 Fébúárì

Fáànbẹ́ẹ̀tì já lẹ́yìn Lomé. Wákàtí márùn-ún nínú oòrùn. Ọkọ mi ń kọrin ìyìn. Èmi ń ka ọjọ́.

Sátidé, 10 Fébúárì. Kùmásí

A dé o! Ìyá Kùmásí kéré, wọ́n rẹwà, ẹnu wọn mú. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n kọ́kọ́ lọ sídìí ọkọ̀ kí wọ́n tó wo ojú wa. Wọ́n fi ọ̀pá kan táyà.

"Adúmáadán, ìwọ náà ti darúgbó. Àkànjí dà?"

"Àwọn ló rán mi wá, mà," ni ọkọ mi wí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn.

"Mo bẹ Àkànjí, ó rán ọmọ." Wọ́n pòṣé. Ṣùgbọ́n wọ́n di orí ọkọ mi mú mọ́ àyà, ó pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Fúráìdé, 16 Fébúárì

Ìyá ń múra ìrìnnà: wọ́n fi ìkòkò ta aládùúgbò lọ́rẹ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní kí n lọ gbà á padà wá. Ọjọ́ kẹta rèé tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Bàbá ní ká má pẹ́.

Túsìdé, 20 Fébúárì

Ìyá ní àwọn ò lọ mọ́.

"Ta ni yóò máa ro sàréè ọkọ mi? Ẹ lọ sọ fún Àkànjí pé mo ti rí mọ́tò náà. Mo mọ̀ pé kò purọ́. Ó tó."

Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ títí, orúnkún wọn bó. Wọ́n ní tí ó bá di ọ̀túnla tí Ìyá ò yí ohùn padà, àwa méjèèjì yóò máa padà bọ̀ nílé.

Wẹ́sìdé, 21 Fébúárì

Mo da Bàbá lónìí. Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ Ìyá, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ ti jọ́ọ̀gì, mo sọ ti kọ́ọ̀bù, mo sọ bí omi ṣe ń dà sí ẹsẹ̀ Bàbá tí wọn ò mọ̀.

Ìyá di èjìká mi mú. "Apá wo ló kù?"

"Ọ̀tún, mà. Ó ti ń ṣú."

"Àkànjí." Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn yọ nínú omi. "Nígbà tó wà ní kékeré, tí ojú ń dùn ún, èmi ni mo máa ń fi ahọ́n yọ yanrìn níbẹ̀. Nu ẹsẹ̀ mi. Pe ọkọ rẹ kó wá di ẹrù."

N kò ní láti pè wọ́n. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́ ọ tán.

"O mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti Òkukù lo ti mọ̀."

"Bàbá ní kí n má sọ."

Wọ́n yíjú padà. Wọ́n di gbogbo ẹrù náà sórí ọkọ̀ láàárín wákàtí kan, okùn bó wọn lọ́wọ́, wọn ò sì wò mí.

Tọ́sìdé, 22 Fébúárì. Akra

N ó kọ èyí kí n tó sùn.

Láti Kùmásí ni ọkọ mi ti ń sáré. Wọn ò dúró de ẹnu mi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ sí òsì kí n tó ní ó yá. Mo ní, "Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní, "Ojú Bàbá ò rọra." Ìyá wà lẹ́yìn, wọ́n gbá ọ̀pá wọn mọ́ra.

A dé ẹ̀yìn lọ́rì gẹdú kan. Eruku bo ọ̀nà. Mo na ọrùn. Nínú eruku yẹn, mo rí nǹkan kan tó dúdú, tí kò tan iná. Mi ò rò ó. Mo rí i.

"Dúró!"

Wọ́n ti ń yí sítíárìn. Àbí wọn ò gbọ́ ni, àbí wọ́n gbọ́ tí wọn ò dá mi lóhùn ni, mi ò mọ̀. Iwájú Adúmáadán ti yọ sí òsì, èmi ló sì kọ́kọ́ máa pàdé rẹ̀. Mo la ẹnu:

"ỌLÁSÚNKÀNMÍ!"

Bí ìgbà tí ènìyàn fi okùn fà wọ́n ni. Ẹsẹ̀ wọn kan bíréèkì mọ́lẹ̀. Lọ́rì tó ń bọ̀ kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ mi dígí ọkọ̀ jìgìjìgì.

A dúró lábẹ́ igi kan.  Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n foríjì mí, pé àṣìsọ ni.

Ìyá ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ogójì ọdún ni mo lò nílé ọkọ mi, mi ò pè é lórúkọ rí. Ó ì bá wù mí kí n ti pè é lẹ́ẹ̀kan."

Ọkọ mi wá gbé mi dìde.  "Àmọ̀kẹ́, ta ló sọ orúkọ mi fún ọ?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, omi sì bọ́ lójú wọn. "Tún un pè kí n gbọ́."

Mi ò pè é.

Láti ibẹ̀ títí a fi dé Akra, bí mi ò bá ní ó yá, Adúmáadán ò kúrò lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Sátidé, 24 Fébúárì. Kùtọnu

Òjò àkọ́rọ̀ kan. Ìyá yọwọ́ síta, wọ́n ní ó ti ń rùn bí ilé.

Mọ́ńdè, 26 Fébúárì. Òkukù

A dé ní ọ̀sán. Ọ̀nà tó wọ agboolé há, ògiri lọ́tùn-ún, igi máńgòrò lósì. Mo yọrí síta, mo ń ké: "Ó kù díẹ̀! Sọ́tùn-ún! Dúró! Ó yá!"

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Wọ́n yíjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a wà gan-an ni wọ́n yí i sí.

"Ta ló ń pariwo nínú ọkọ̀ mi yẹn?"

"Ìyàwó yín ni," Màmá wí.

"Irọ́!"

A gbé Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn ju ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ. Wọ́n fi ọ̀pá dúró níbẹ̀. "Àkànjí."

Bàbá na ọwọ́. Máńgòrò ni wọ́n na ọwọ́ sí.

 Màmá ní ọ̀sán Sátidé ni iná náà kú tán. Ọjọ́ méjì péré. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn ti Adúmáadán, wọ́n bojú. Mo ń ronú nípa ìkòkò tí mo ń lọ gbà padà ní Kùmásí, mo ń ronú nípa fáànbẹ́ẹ̀tì, mo ń ronú nípa gbogbo ìgbà tí mo ní "Dúró."

"Ìyàwó dà?" ni Bàbá wí. "Wá síbí. Apá òsì mi ni kí o dúró sí."

Mo lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé níwájú mi. Èmi ni mo di sítíárìn mú. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Má sọ ohun tí o rò o."

Wọn kì í wo àgbàlagbà lójú tààrà. Èmi ní tèmi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú mi sókè, mo wo Ìyá láti orí dé àgbọ̀n, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo agboolé gbọ́.

"Irun wọn ti funfun tán, sà, iwájú rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ilà ojú wọn àti tiyín, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́, ti òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Àmì dúdú kan wà lẹ́bàá imú."

"Ó ṣì wà níbẹ̀!" Bàbá wí.

"Eyín òkè méjì ti kúrò. Wọ́n lé tìróò láàárọ̀ yìí, nínú ọkọ̀, ó ti ń ṣàn."

"Ó ń sunkún?"

"Omi wà lójú wọn, sà. Ẹnu wọn ń rẹ́rìn-ín."

"Sọ fún un pé mo ṣì lẹ́wà," Ìyá wí.

"Ìyẹn, o rí i àbí o rò ó?" Bàbá bi mí.

"Mo rí i, sà."

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bẹ́ǹṣì, wọ́n dìde. Ìṣísẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Màmá fẹ́ sáré dì wọ́n mú, Bàbá juwọ́ pé kí wọ́n má wulẹ̀. Wọ́n dúró sójú kan, wọ́n dẹ etí sí apá òsì, wọ́n ń retí mi.

Adìyẹ Màmá ń kó ọmọ kọjá.

"Dúró," ni mo wí.

Wọ́n dúró.

Ọmọ adìyẹ tó gbẹ̀yìn kọjá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́nà.

"Ó yá, sà."

Bàbá gbẹ́sẹ̀.